Orin Ìloro Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Nínú ilé tí wọ́n fẹ́ mi sí ní Atokoligbé, a kì í gbé òkú àgbà kọjá ìloro láìkọrin fún un. Ìyàwó ilé ló máa ń kọ ọ́. Á fi ẹsẹ̀ kan sínú ilé, á fi ìkejì síta, wọ́n á gbé òkú dúró níwájú rẹ̀, á wá la ẹnu. Gbogbo ọmọ ilé ló mọ ohùn orin náà, wọ́n á sì máa fi imú kùn ún tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹnu ìyàwó kan ṣoṣo ló máa ń wà. Ìyá ọkọ mi ló fi í sí mi lẹ́nu kí òun náà tó lọ. Èmi ni mo sì kọ ọ́ fún un.

Mo mọ̀ ọ́n kọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. N kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi ní ọ̀fun. Bí mo bá ń gún iyán, orin ni. Bí mo bá ń ṣa kaṣú lóko, orin ni. Ọkọ mi máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ mọ ibi tí mo wà nínú oko, òun kì í wá mi, òun á kàn dákẹ́ ni.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú ni mo wọ ìjọ aláṣọ funfun ní Bantè. Lọ́jọ́ tí wọ́n rì mí bọmi, Élie, olùṣọ́ ìjọ wa, bi mí pé kí ni mo mú wá fún Olúwa. Mo wo ọwọ́ mi, omi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹnu mi ni." Inú odò yẹn náà ni mo ti gbé e:

Ẹnu mi rèé o, Baba, gbà á,
tìrẹ ni láàárọ̀, tìrẹ ni lálẹ́,
kò tún ní pe ẹlòmíràn wá jẹun mọ́.

Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín, mo sì mu omi odò yó.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé orin ìloro kì í ṣe orin lásán. Ìparí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa òkú lé àwọn ará ìsàlẹ̀, àwọn baba ńlá ilé, lọ́wọ́, pé tiwọn ni, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n fún un níjòókòó. N kò ní kọ ìparí yẹn síhìn-ín. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan:

Ọ̀nà gbẹ, ọ̀nà tutù,
ta ní ń bọ̀ lókèèrè yẹn?
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́,
ta ní ń bọ̀ yẹn o, ta ni?

Níbẹ̀ ni ìdúró kan wà. Akọrin á mí, gbogbo ilé á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni orúkọ òkú á jáde, tí wọ́n á sì fà á lé wọn lọ́wọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àbúrò ọkọ mi. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, orúkọ tí a bá fún wọn la fi ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tínrín bí igi àgbàdo. Mo ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni n ó máa pè é. Ó dàgbà, ó sanra, ikùn yọ síwájú bí ẹni pé ó gbé ìkòkò pamọ́ sábẹ́ aṣọ, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ni. Orúkọ tí àwọn Fádà fún un nígbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní iléèwé ni Sévérin. Òun fúnra rẹ̀ kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àfi lọ́jọ́ Kérésìmesì, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí kì í ta ẹ̀jẹ̀ adìẹ sí ìloro bàbá rẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe mí lóore. Nígbà tí mo di opó, àwọn àgbà ní kó ṣú mi lópó. Ó ní òun kò fẹ́ obìnrin tí yóò máa kọrin nígbà tí òun bá ń sùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Èmi mọ̀ pé nítorí mi ló ṣe sọ ọ́. Nígbà tí mo wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ní kí n máa lọ, òun ló mọ ilé tí mò ń gbé ní Bantè. Ó ń gbin iṣu fún mi títí àwọn ọmọ mi fi tó ara wọn í gbé. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóró, òun ló ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi lọ sí ìsìn ní Sọ́ńdè. Yóò jókòó síta lábẹ́ igi máńgòrò, bàtà lẹ́sẹ̀, sìgá lẹ́nu, yóò dúró dè mí títí ìsìn á fi parí. Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ bí ìsìn wa ṣe ń gùn tó.

Ó ṣàìsàn ní ọdún tó kọjá. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Savalou. Mo lọ wò ó, mo bó ọsàn, mo ń fi í sí i lẹ́nu.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ta ni yóò kọrin mi?"

Mo ní, "Ẹ jẹ ọsàn yìí, ẹ yé sọ̀rọ̀ òkú."

"Mo ti jẹ ọsàn. Ta ni yóò kọ ọ́?"

"Ẹ mọ̀ pé mo ti fi ẹnu mi fún ẹnì kan."

"Mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mò ń gbé ọ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbé e lọ fún ìgbà díẹ̀. "Ẹni yẹn ní orin púpọ̀. Èmi, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní."

Mo bó ọsàn mìíràn.

Inú ọyẹ́ ló kú. Àwọn ọmọ ilé háyà mọ́tò kan láti Savalou tí yóò gbé e lọ sí Atokoligbé. Damien, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tísà, gun alùpùpù ṣáájú wa. Èmi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Seidou awakọ̀, pósí nìkan ló wà lẹ́yìn. Ọ̀nà funfun, igi tó wà lápá ọ̀tún kò hàn sí ẹni tó wà lápá òsì, oòrùn ò ju àwo kan tí wọ́n fi eérú fọ̀ lọ.

A ti ń sún mọ́ Bantè nígbà tí Seidou sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Bí mo bá gbé òkú, n kì í fẹ́ orin nínú mọ́tò."

"Èmi ò kọrin."

"Ẹ ń fi imú kọ ọ́."

Mo fi ìka méjì di imú mi. Ohùn náà ń lọ.

Seidou wo imú mi, ó wo ọ̀nà. Ó tan rédíò. Ọkùnrin kan ń ka ìròyìn ní èdè Mahi, ohùn náà sì ń lọ lábẹ́ ìròyìn bí omi tó ń ṣàn lábẹ́ ewé. Ó pa rédíò.

"Ìyá, ta ni?"

"Ọkọ mi kékeré ni."

"Ẹni tó wà lẹ́yìn?"

"Òun ni. Láti kékeré ni ohùn rẹ̀ ò ti dáa."

Mo mọ ohùn náà bí mo ṣe mọ ilẹ̀kùn ilé mi. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í gùn ún dókè, ibi tí ó yẹ kí orin gòkè ló ti máa ń lẹ́ mọ́ ilẹ̀. Orin ìloro ló ń kùn. Òkú kò ní ọ̀rọ̀ mọ́, ìyẹn ni mo rò lọ́kàn, ohùn nìkan ló kù fún un. Ó kùn ún títí dé ibi ìdúró, ó dákẹ́. A gbọ́ táyà lórí òkúta. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Seidou bẹ̀rẹ̀ àdúrà tirẹ̀ lábẹ́ ètè. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ tèmi. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń kùn lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi yà kúrò lójú ọ̀dà.

Ní Atokoligbé, wọ́n gbé e sínú yàrá bàbá rẹ̀. Gbogbo ilé ti pé. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá n ó kọ ọ́, ńṣe ni wọ́n ń gbá ìloro, wọ́n ń wọ́n omi sí i. Mo pe Damien sí ẹ̀yìn ilé, mo sọ fún un pé n kò ní lè kọ ọ́.

Ó wò mí bíi pé mo fi ẹsẹ̀ dà á lóúnjẹ nù.

"Ìyá, Kátólíìkì ni mí," ló wí. "Mò ń gba ara Olúwa. Àṣà lèyí, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ọlọ́run mọ ọkàn yín."

"Ó mọ ọkàn mi, òótọ́ ni. Ẹnu mi ni mo fún un."

"Bàbá mi kọ́lé fún yín."

"Abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni mò ń sùn títí dòní."

Ó yọ fóònù rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú èyí. Ẹ padà sí Bantè, a ó fi fóònù kọ ọ́ ní ìloro. Ẹ̀yin ò ní sí níbẹ̀ rárá."

"Ta ni yóò wà níbẹ̀?"

"Ohùn yín nìkan ni."

"Ohùn mi nìkan náà ni mo fi tọrẹ, Damien."

Mirabelle ìyàwó rẹ̀ ń gé àlùbọ́sà nítòsí pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé. Ẹnu rẹ̀ mú, mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé Jésù yín máa ń bínú sí ìyá arúgbó ni?"

"Kò bínú sí mi rí. Ìdí tí ojú rẹ̀ fi ń tì mí nìyẹn."

"Àbí ohùn yín náà ti wọ sùtánà? Ká wá bá yín bọ́ ọ."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó dùn. Inú ẹ̀rín yẹn la wà tí a fi gbọ́ ọ.

Inú yàrá ló ti kọ́kọ́ wá, ó sì jìnnà, bíi pé ẹnì kan ń kùn nínú aṣọ ìbora. Àwọn obìnrin dá ọ̀bẹ dúró. Ó dé ibi ìdúró, ó dákẹ́. Nígbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀, kò sí nínú yàrá mọ́, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni. Àwọn adìẹ tó ń tan ilẹ̀ níbẹ̀ jókòó pa pọ̀, wọ́n ti orí bọ abẹ́ ìyẹ́ bíi pé ilẹ̀ ti ṣú, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Ó tún dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kan sí i, inú ìkòkò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ti jáde. Mo bojú wo inú rẹ̀. Omi náà ń gbọ̀n, òrùka kékeré ń jáde láti àárín rẹ̀ wá sí etí, ojú mi wà nínú rẹ̀, ẹnu mi sì là. Mo fọwọ́ kan ẹnu mi lókè níbí. Ó pa dé.

Mirabelle kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kúnlẹ̀ sórí eèpo àlùbọ́sà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kọ ọ́ fún un kó lè máa lọ."

Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló wọ̀ mí lára ju gbogbo èébú lọ. Nítorí èmi náà fẹ́ kó lọ. Mo fẹ́ kó sinmi. Ọkùnrin tó jókòó sí abẹ́ máńgòrò dè mí ní gbogbo Sọ́ńdè, ṣé mo wá jẹ́ kó máa kùn nínú ìkòkò omi kiri? Gìgísẹ̀ mi ti ń lu ìlù orin náà lórí ilẹ̀ kí n tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn, èyí tí n kò ronú kàn láti ọjọ́ pípẹ́, tò sí eyín mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dùn, ó pé, kò sí èyí tí mo gbàgbé. Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe òkú ló bà mí lẹ́rù.

Wọ́n gbé pósí wá sí ìloro. Olórí ilé, bàbá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́, na ọ̀pá rẹ̀ sí mi pé kí n bọ́ síbi mi. Mo bọ́ síbẹ̀. N kò fẹ́ sá, bí mo bá sá, ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀? Mo bọ́ bàtà mi bí a ṣe ń bọ́ ọ nílé Olúwa, ṣùgbọ́n n kò fi ẹsẹ̀ kan sínú. Mo kó méjèèjì síta.

Olórí ilé ní, "Bẹ̀rẹ̀."

N kò bẹ̀rẹ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wọn gbọ́ ọ láti inú pósí. Ní àkọ́kọ́ kò sí ẹni tó mí. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún tẹ̀ lé e, bóyá nítorí ẹ̀rù, bóyá nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú. Ohùn wọn kún àgbàlá, ó kún inú ọyẹ́ náà, Damien tí í ṣe Kátólíìkì ń kùn, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Orin náà gòkè níbi tí ó ti ń gòkè, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló wà nísàlẹ̀ níbi tó ti máa ń wà. Ta ní ń bọ̀ yẹn o, ta ni? Wọ́n dé ibi ìdúró.

Ó dákẹ́. Gbogbo wọn dákẹ́.

Nǹkan kan fẹ́ sí ètè mi, ó tutù, bí èémí ẹni tó sún mọ́ ọ jù. Ó ń fa ọ̀rọ̀ yẹn láti ẹ̀yìn eyín mi wá síwájú, rọra, bí a ṣe ń fa òwú lára aṣọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti wà lórí ahọ́n mi. Bí mo bá pè é báyìí, ìyókù á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà mọ̀.

Mo la ẹnu. Mo ní, "Jésù, Sévérin rèé."

Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn mi. Ìyàwó ti pe ọmọ ilé lórúkọ, lójú òkú rẹ̀. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ, n kò kọ ọ́, mo kàn ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. "Ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í fún, wọ́n ta omi sí i lórí nígbà tó wà ní kékeré. N kò fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. O mọ bó ṣe gbé ayé, èmi náà mọ̀. Ó jókòó síta dè mí, n kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ nǹkan kan. Jọ̀ọ́, gbà á."

Nínú pósí, nǹkan yí padà, bí ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ kejì lélẹ̀ lórí ẹní. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e fẹ́ ju ọwọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohùn mọ́.

Olórí ilé tutọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e jáde bẹ́ẹ̀." Wọ́n gbé e jáde bẹ́ẹ̀, láìkọrin, òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ilé yẹn. Damien gba iwájú mi kọjá láìwò mí. Títí di òní, bí a bá pàdé ní ọjà Bantè, ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà ló máa ń gbà, mo sì máa ń kí i láti ẹ̀gbẹ́ tèmi, ní ohùn òkè, títí àwọn oníṣu á fi bá a dáhùn.

Seidou ló gbé mi padà. Ibi tí pósí wà tẹ́lẹ̀ ti ṣófo. A kò tíì jìnnà tí ohùn rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa.

Seidou ní, "Ìyá."

"Mo gbọ́."

"Ṣé kí n dúró ni?"

"Má dúró. Ó mọ ilé."

Ó mọ ọ́n lóòótọ́, òun ló kọ́ ọ. Ìta ẹnu ọ̀nà mi ló ń gbé, kì í wọlé. Basirath, aládùúgbò mi, ti gbọ́ ọ, ó gbé ibi ìdáná rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ilé rẹ̀. Wọ́n wẹ̀ mí mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí òkú tí mo sún mọ́, Élie sì tẹ̀lé mi wálé pẹ̀lú agogo àti tùràrí láti lé e. Mo ní kó gbé agogo rẹ̀ dúró ná.

Mo ní, "Ta la fẹ́ lé? Mo ti fi í lé Olúwa lọ́wọ́. Bí Olúwa bá fẹ́ kó jókòó síta díẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára."

N kò gbé àga fún un. N kò bu omi sílẹ̀, n kò da oúnjẹ sílẹ̀, n kò sì bá a sọ̀rọ̀. N kò ní purọ́ fún yín pé ó ti rọrùn. Láràárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ orin yẹn, tí mo bá mú ọwọ̀ báyìí. Á gbé e wá díẹ̀díẹ̀, á máa bọ̀ síbi ìdúró, ọ̀rọ̀ yẹn á sì dìde lẹ́yìn eyín mi, gbogbo rẹ̀ pátá, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. N kò dúró dè é. Mo ti mọ ibi tó máa ń dé nígbà tí mo bá gbálẹ̀ dé ìdí ìkòkò. Èmi á gbé tèmi kó tó débẹ̀, ní gbogbo ọ̀fun:

Ilẹ̀ mọ́, mo rí i, o ṣé o,
ẹsẹ̀ mi dùn mí, o ṣé o,
ẹni tí mo fà lé ọ lọ́wọ́,
má jẹ́ kó tutù síta o, Baba.

Òun á débi ìdúró rẹ̀, á dákẹ́, á máa retí. Ẹnu mi á sì ti kún.